Bàámi Ń Sọ, Èmi Ń Yà Á

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, Bàámi pè mí sí pálọ̀ ilé wa ní Ìgándò. Wọ́n na téèpù ìwọ̀n wọn sórí tábìlì, wọ́n fi èékánná tẹ ojú ìlà kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kà á. Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Ínǹṣì mẹ́tàlélógún àti ààbọ̀ ni, Bàámi." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mẹ́rìnlélógún ni èmi rí."

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni oníbàárà wọn kan, ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún, ti ránṣẹ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tí Bàámi kàn fún òun kò wọ àyè tí wọ́n kàn án fún. Ààbọ̀ ínǹṣì ni ó fi tóbi jù. Bàámi ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí mi, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé iṣẹ́ wọn padà wálé. Wọn ò bá ìyá náà jiyàn. Wọ́n ní àwọn yóò kan òmíràn fún un láìgba kọ́bọ̀ lé e, kí ó ṣáà fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo ka ìwọ̀n orí téèpù yẹn tán, ó yé àwa méjèèjì ibi tí ààbọ̀ ínǹṣì ti wá.

Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ni ó ń bá Bàámi jà. Agbára omi inú ẹyinjú ni ó sábà máa ń pọ̀ lápọ̀jù, tí yóò sì máa ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dun ènìyàn, nítorí náà a kì í tètè fura. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sábà ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ lè ká a lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Bàámi mọ gbogbo èyí. Ohun tí wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ìlà orí téèpù ti ń dàpọ̀ mọ́ra wọn lójú àwọn.

Nínú àwa ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí, kò sí ẹni tó di ayùn mú. Èmi àbíkẹ́yìn lọ kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, ìwé kíkọ ni mo sì fi ń jẹun. Bàámi kì í ya àwòrán iṣẹ́ wọn sórí ìwé. Bí oníbàárà bá ti ṣàlàyé ohun tó fẹ́, wọn á fi pẹ́ńsùlù kọ òǹkà bíi mẹ́rin sára àjákù pákó, ó parí. Ìyókù wà nínú orí wọn: bí ẹsẹ̀ àga ṣe ń tẹ̀, bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ń jókòó, bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń gbé ènìyàn méjì láìké. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká téèpù padà sínú àpò ṣòkòtò wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì rò ó nínú ọkàn mi pé, bí ojú yìí bá lọ, ta ni yóò mọ gbogbo èyí mọ́?

Ohun tí Bàámi kò mọ̀ ni pé èmi náà ti ń fi nǹkan kan ṣeré láti oṣù Ọ̀pẹ ọdún tó ṣáájú, ní yàrá tí mo háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fẹ́ pẹpẹ ìwé kan tí yóò wọ igun kan báyìí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Níbi tí mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí YouTube ni mo ti rí obìnrin kan tó ya odindi kọ́bọ́ọ̀dù sórí kọ̀ǹpútà, tó yí i síwá, yí i sẹ́yìn, tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, tó sì tú u palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ kan pákó. Ó wù mí dé ọkàn. Mi ò ní i lọ́kàn láti sọ ọ́ di iṣẹ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe.

CAD ni wọ́n ń pe irú ètò ìyàwòrán bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọdún 1963 ni Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé èyí tó pè ní Sketchpad jáde. Ó ń fi bírò oníná ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ó bá sọ fún ìlà méjì pé kí wọ́n dọ́gba, wọn á wà ní dídọ́gba bí ó tilẹ̀ fa ọ̀kan gùn. Ní ìparí ọdún 1982 ni AutoCAD dé, tí irú iṣẹ́ yìí sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kékeré tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì. Títí di òní, bí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní Èkó pé ẹ fẹ́ kọ́ ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, AutoCAD ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lábàá fún yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún mi. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní òun yóò fi ayédèrú rẹ̀ sí i fún mi ní owó táṣẹ́rẹ́, nítorí pé ojúlówó rẹ̀, owó ni ènìyàn yóò máa san lé e lórí lọ́dọọdún. Mo gbà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà mi ń rìn bí ìgbín, àwọn ìpolówó tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá sì ń yọ sójú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo ní kí wọ́n nù ún kúrò, àwọn àròkọ mi méjì sì bá a lọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, owó orí mi ni mo sì fi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó, mo kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà mi lè gbé e? Ògbólógbòó ni mo rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà. Mẹ́mórì rẹ̀ kò ju GB 4 lọ, bátìrì rẹ̀ sì ti kú pátápátá. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ bí mi ò bá ní dátà? Ṣé mo lè lò ó láìjalè? Ìkẹrin ni èyí tí mi ò kọ́kọ́ mọ ìwúlò rẹ̀: bí mo bá yí ìwọ̀n kan padà, ṣé ìyókù yóò tẹ̀ lé e, àbí ńṣe ni màá tún gbogbo rẹ̀ yà?

Tinkercad ni mo kọ́kọ́ dán wò. Láti ọdún 2011 ni ó ti wà, ilé iṣẹ́ Autodesk tó ni AutoCAD sì rà á ní 2013. Ọ̀fẹ́ ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ènìyàn sì ti ń lò ó. Ẹ ó mú kúùbù kan, ẹ ó mú òmíràn lé e. Bí ẹ bá fẹ́ ihò, ẹ ó ki nǹkan bọ inú nǹkan, ẹ ó sì ní kí ó di ihò. Láàárín wákàtí kan, mo ti ya tábìlì. Bí ẹ bá ní ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá nílé, ibẹ̀ ni kí ẹ mú un lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ yí nínípọn pákó pẹpẹ mi padà, mo ní láti fọwọ́ kan pákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkejì sì ti ṣí kúrò nípò kí n tó dé orí ìkẹsàn-án.

Mo wo SketchUp náà, tó ti wà láti ọdún 2000, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́ràn. Ẹ ó ya ojú pákó, ẹ ó sì fà á jáde bí ẹni fa aṣọ. Ó dùn ún lò, ṣùgbọ́n orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ti ọ̀fẹ́ wà, dátà mi kò sì lè gbé e lójoojúmọ́. Fusion ní tirẹ̀ lágbára gidi. Ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà fún àwọn tó ń fi ṣeré, iṣẹ́ mẹ́wàá péré ni ẹ sì lè ṣí sílẹ̀ láti ṣàtúnṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà mi kò lè gbé e. Yàtọ̀ sí èyí, alẹ́ ọjọ́ téèpù yẹn ti kọjá nígbà tí mo dé orí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yà kì í ṣe eré mọ́. Iṣẹ́ Bàámi ni, owó sì ni wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn pa.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ FreeCAD nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni fún tọlọ́rọ̀ tòtòṣì, fún eré àti fún òwò. Bí ẹ bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò ní béèrè dátà mọ́. Àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún aráyé ní 2002, oṣù Bélú ọdún 2024 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní 1.0, èyí tó túmọ̀ sí pé ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ń kọ́ ilé kan kí wọ́n tó gbà pé ó tó wọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tún ṣe nínú ẹ̀dà yìí ni àléébù ọjọ́ pípẹ́ kan: tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá padà lọ tún ìpìlẹ̀ àwòrán yín ṣe, àwọn ohun tí ẹ ti gbé lé e lórí lè ṣàdédé gbàgbé ojú ibi tí wọ́n dúró sí. Mi ò ní tàn yín jẹ, FreeCAD le. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo wo ojú rẹ̀ bí ẹni wo ilé olójúlé ogójì tí kò sí ẹni tó máa júwe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó dáhùn ìbéèrè mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àpótí ìdáná Màámi ni mo fi kọ́ ọ, àpótí kékeré tí wọ́n ń jókòó lé bí wọ́n bá ń lọ ata. Pákó márùn-ún ni: ìjókòó kan, ẹsẹ̀ méjì, ìdábùú méjì. Mo lo téèpù, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìjókòó àpótí gùn ní ínǹṣì méjìdínlógún, mo tẹ 18, mo sì fi bẹ́ẹ̀ parí gbogbo rẹ̀. Ó rẹwà lójú mi. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó rí i pé mìlímítà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Àpótí tí mo yà, èèrà nìkan ni ó lè jókòó lé e. Ínǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, bí ẹ bá fẹ́ ínǹṣì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ "in" sí ẹ̀yìn òǹkà yín, yóò sì bá yín ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, mo ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Bátìrì mi ti kú, mi ò sì tọ́jú iṣẹ́ pamọ́. Nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ya ìlà mẹ́ta, ọwọ́ mi á ti lọ síbi tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ kí n tó rò ó.

Ohun tó mú kí ó yé mi níkẹyìn ni èdè. Gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mú ìwé àjákọ kan, mo sì fún wọn lórúkọ tèmi. Ohun tí wọ́n fi ń sọ fún ìlà pé "dúró gbọnrangandan" tàbí "má jìnnà sí èkejì rẹ ju báyìí lọ," mo pè é ní ìdè. Bí ìdè bá ti pé, tí kò sí ibi tí àwòrán lè yẹ̀ sí mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á di ewéko, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "ó ti tòrò." Gbígbé àwòrán pẹlẹbẹ dìde kí ó di pákó, ìfàsókè. Gbígbẹ́ ihò sínú rẹ̀, ìgbẹ́hò. Rírẹ́ etí rẹ̀ kí ó má baà gún ènìyàn, ìdán.

Nígbà tí mo kọ èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì nípa àwọn agbẹ́gilére. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n sọ pé iṣẹ́ wọn ní. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí agbẹ́gilére ti ń fi àáké la ìrísí ńlá sára igi: orí níhìn-ín, ara níhìn-ín, ẹsẹ̀ níhìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlétúnlé, tí yóò pín ìrísí ńlá sí kékeré: ojú, etí, ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fín irun àti ilà ojú. Irú iṣẹ́ tí Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ṣe títí ó fi di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nìyẹn. Mo wá rí i pé ibi tí mo ti ń ṣìnà ni pé fínfín ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá bí màá ṣe rẹ́ etí àpótí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dúró. Mo pa á rẹ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà lílé. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi parí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù nínú mẹ́fà tí Bàámi tọrọ nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìgándò. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ kí n lọ wọn ilé ìdáná ìyá yẹn. Ẹ máa sọ, èmi á máa yà á." Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé wọn yóò bínú. Ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pẹpẹ ọ̀hún ni a sì fẹ́ kàn yìí. Ó yá, lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí o wọn ibi kọ̀ọ̀kan: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Èyí tó bá kéré jù ni tiwa."

Mo lọ sí Ìkòtún, mo wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe wí. Òkè àyè náà fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì àti díẹ̀ lé, nítorí náà a fi ìbú kọ́bọ́ọ̀dù sí ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì géérégé, èyí tí í ṣe mìlímítà 914. Ojú mìlímítà ni mo fi ya ìyókù. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá nípọn ní mìlímítà 18, pẹpẹ àárín yóò jẹ́ 878. Bàámi ní kí n lọ wọn pákó náà fúnra rẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn tó ń tà á, pé orúkọ tí wọ́n ń pe pákó lọ́jà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Mo lọ, mo bá 17. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìwúlò ìbéèrè mi kẹrin. Mo yí òǹkà kan ṣoṣo padà, gbogbo pẹpẹ sì di 880 níṣojú mi.

Ní Sátidé méjì tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe ń ṣe é nìyí: Bàámi á jókòó sórí àga wọn, wọn á di ojú wọn, èmi á sì máa ka àwòrán náà sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kà á fún wọn pé pákó ẹ̀gbẹ́ àti pẹpẹ jìn ní mìlímítà 305, nítorí pé odindi pákó fẹ̀ ní 1220, a ó sì rí ọ̀nà mẹ́rin nínú rẹ̀ láìṣẹ́kù. Wọn ò la ojú. Wọ́n ní, "Ṣé o ti fún ayùn ní oúnjẹ tirẹ̀?"

Ohun tí wọ́n ń wí kò yé mi. Wọ́n ní gbogbo ibi tí ayùn bá gbà kọjá ni ó ti ń jẹ lára pákó, tó sì ń di iyẹ̀fun sílẹ̀. Ayùn tí a ó lò máa ń jẹ tó mìlímítà mẹ́ta. Kí a tó rí ọ̀nà mẹ́rin, a ó là á lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́sàn-án ti lọ nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀, mo sì dín jíjìn rẹ̀ kù sí 302. Ká ní bí mo ṣe yà á ni a ṣe gbé e lọ, ọ̀nà kẹrin ìbá kéré ju àwọn ìyókù lọ, a ò bá sì ra odindi pákó mìíràn nítorí rẹ̀.

Mo dé orí ilẹ̀kùn. Igi gidi ni Bàámi fẹ́ kí a fi ṣe é. Àyè ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ 880, ilẹ̀kùn méjì ni, mo sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 440. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n pàdé ara wọn rẹ́gí. Bàámi béèrè pé, "Mélòó ni àyè tó wà láàárín wọn?"

Mo ní, "Kò sí, Bàámi. Wọ́n ṣe déédéé."

"Oṣù wo la wà yìí?"

"Oṣù Èrèlé ni, Bàámi."

"Ẹ̀ẹ̀rùn nìyí. Igi ti gbẹ, ó ti sún kì. Bí òjò oṣù Òkúdù bá dé, tí igi mu omi inú afẹ́fẹ́, tó wú, níbo ni ilẹ̀kùn rẹ yóò gbà ṣí?" Wọ́n wá la ojú wọn. "Kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́n, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ sí i rí."

Mo fi mìlímítà mẹ́ta-mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti àárín, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì di 435. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ méje nígbà náà, mo sì ti ń rò pé mo mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ohun tó yẹ kí n pa láṣẹ fún un ni mi ò mọ̀, orí àga níwájú mi ni ìmọ̀ ọ̀hún sì jókòó sí.

Ọmọ iṣẹ́ Bàámi àtijọ́ kan, tó ti di ọ̀gá ara rẹ̀ ní Ìdímù, ni ó bá wa gé pákó. Mo tẹ àwòrán náà sórí ìwé mẹ́ta, mo mú un lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Àbúrò, kí ni 435? Ínǹṣì ni kí o bá mi sọ." Kí n tó dáhùn, ó yí téèpù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì tí mìlímítà wà, ó wò ó, ó ní, "Ó dáa náà. Ṣé Bàbá ti gbọ́ ọ?" Mo ní wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò tún béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

A gbé e lọ sí Ìkòtún ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó wọlé. Ògiri ìyá náà kò tọ́, nítorí náà àlàfo kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́yìn lápá òkè, a sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Bàámi fi àtẹ́lẹwọ́ tọ gbogbo etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Ìyá náà béèrè pé ta ni ó wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Bàámi ní, "Èmi àti ọmọ mi ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí irú nǹkan báyìí bá wù yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí òkìkí yan ètò ìyàwòrán fún yín. Ẹ wo kọ̀ǹpútà tí ẹ ní, iná tí ẹ ń rí, dátà tí ẹ lè rà, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ẹ bá kàn fẹ́ dán an wò tàbí tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọdé, Tinkercad tó. Bí dátà kì í bá ṣe ìṣòro yín, tó sì jẹ́ pé ilé yín nìkan ni ẹ fẹ́ tò, ẹ gbìyànjú SketchUp. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ lè yí padà lọ́jọ́ iwájú, tí ẹ sì ní sùúrù, ẹ lọ sọ́dọ̀ FreeCAD, kí ẹ sì fún un ní oṣù méjì kí ẹ tó bínú sí i. Ohun tó wà nílé yín tí pákó rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ti fọwọ́ ṣe é rí, kí ẹ sì ka àwòrán yín sí i létí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ojú yín, pàápàá bí ẹnì kan nínú ìdílé yín bá ti ní glaucoma rí. Èmi náà ti lọ ṣe tèmi.

Àwòrán mọ́kànlá ló ti wà nínú fáìlì tí mo fi orúkọ Bàámi sọ: àga, bẹ́ẹ̀dì, àpótí Màámi, àti tábìlì kan tí wọ́n kàn kí wọ́n tó bí mi, tó ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ń kán oògùn ojú wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, dókítà sì ní ó dúró síbi tí ó wà fún ìsinsìnyí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Òkúdù, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rì kún fún omi àti ọkọ̀, mi ò sì lè lọ sí Ìgándò. Bàámi pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kẹta. Wọn ò béèrè bóyá omi wọ yàrá mi. Wọ́n ní, "Pe ìyá Ìkòtún yẹn fún mi. Bi í bóyá ilẹ̀kùn ń ṣí." Mo pè é. Ó ní kí n dúró ná. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, mo sì gbọ́ bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí.